Bí a ṣe ń ya ògiri, òpó, bíìmù àti òrùlé sọ́tọ̀ nínú point cloud ilé

Ẹ̀rọ lésà kò mọ ilé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ìmọ́lẹ̀ tó rán jáde lọ lu nǹkan, ó padà wá, ó sì kọ ibi tó ti lù ú sílẹ̀. Ẹ gbé e yí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan po láti yàrá dé yàrá, ẹ ó kó ojúàmì tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù wálé (àkójọ wọn là ń pè ní point cloud), kò sì ní sí ọ̀kan nínú wọn tó máa sọ fún yín pé òpó lòun tàbí pé kọ́tìnì lòun. Àwa la máa sọ wọ́n lórúkọ. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, fún sọ́fíyọ̀, ayàwòrán ilé àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tó dáa díẹ̀, àmọ́ tí kò lówó tí yóò fi ra software olówó gọbọi. CloudCompare, software tó ń ṣí point cloud, la ó fi ṣe èyí tó pọ̀ jù, a ó wá fi Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, kádìí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún nítorí pé àwọn ilé tó yẹ ká ti kọ sílẹ̀ ń lọ lójú wa. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé Àgùdà tí ẹbí Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní September 2016. Ní Paris, Andrew Tallon, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti fi lésà ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame látòkè délẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú iná April 2019, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn tó tún un kọ́ rí lò kí wọ́n tó ṣí i padà ní December 2024. Ṣùgbọ́n kéèyàn ní ojúàmì nìkan kò tó. Káfíńtà tó fẹ́ mọ gígùn igi òrùlé, bíríkìlà tó fẹ́ mọ bí ògiri ṣe dagun tó, ojúàmì tó ti lórúkọ ni wọ́n lè bá ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó yé wa kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà. Ojúàmì kan ṣoṣo kò ní ìrísí. Èyí tó wà lára ògiri àti èyí tó wà lára àga, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àdúgbò ojúàmì ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Kọ̀ǹpútà á mú ojúàmì kan, á ṣa gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ láàárín radius kan (ìyẹn jíjìn kan náà yí i po), á wá yẹ̀ wọ́n wò: ṣé pẹrẹsẹ ni wọ́n tẹ́, ṣé wọ́n tò sórí ìlà kan, àbí wọ́n kàn ṣùjọ síbẹ̀? Orí radius yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Tó bá kéré jù, hánránhánrán ara pílásítà nìkan ni kọ̀ǹpútà á máa rí. Tó bá tóbi jù, nǹkan méjì tí kò tan mọ́ra á dà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gba nọ́ńbà tí software bá gbé kalẹ̀ fún wọn, wọn kì í bi í ní ibi tó ti rí i. Ilé tó wà níwájú yín ló ni nọ́ńbà yẹn, ìdí nìyí tí téèpù fi ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ilé náà, kí ẹ sì kọ orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ṣe scan, ẹ fi téèpù wọn nǹkan wọ̀nyí: bí ògiri ṣe nípọn tó, fífẹ̀ òpó, bí bíìmù ṣe sọ̀kalẹ̀ tó lábẹ́ dẹ́kìn, bí férémù ilẹ̀kùn ṣe yọ jáde tó lára ògiri, àti bí ọnà etí fèrèsé ṣe yọ tó bí ilé náà bá jẹ́ ilé Àgùdà.

Ẹ wo bí ìwọ̀n kan péré ṣe lè pinnu iṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà nípọn ní 150 mm. Ẹ fi pílásítà ojú méjèèjì kún un, ó di nǹkan bí 180 mm. Ẹ̀yin ti ṣe scan ògiri yẹn láti páálà, ẹ sì ti ṣe é láti yàrá tó kángun sí i, nítorí náà ojú méjèèjì rẹ̀ ló wà nínú point cloud, àlàfo 18 cm ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá wá lo radius 25 cm, àdúgbò ojúàmì tó wà lójú páálà á kó àwọn tó wà lójú yàrá mọ́ra. Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ á dà bí ohun tó nípọn, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé ògiri kọ́ nìyí. Ògiri yín kò ṣẹ̀, radius ló ṣẹ̀. Pẹ̀lú 10 cm, ojú kan ṣoṣo ló máa rí, pẹrẹsẹ ló sì máa rí i.

Ní ti orúkọ, ẹ má pọ̀ ọ́ jù. S3DIS, àkójọ point cloud tó ti lórúkọ tí Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2016, ní ọ̀wọ́ 13: àjà, ilẹ̀, ògiri, bíìmù, òpó, fèrèsé, ilẹ̀kùn, tábìlì, àga, sófà, àpótí ìwé, pátákó ìkọ̀wé, àti ohun yòókù tí kò bọ́ sí ibì kankan. Ilé ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ilé àtijọ́ á rí i pé àkójọ mìíràn, ArCH tó jáde ní 2020, sún mọ́ ohun tó ń wá, torí ọ̀wọ́ 10 tó ní fàyè gba ọ̀nà àbáwọlé tó tẹ̀ kọrọdọ, ọnà ara ògiri, àtẹ̀gùn àti òrùlé. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiwa, mo máa ń dábàá mẹ́jọ: ilẹ̀, àjà, ògiri, òpó, bíìmù, àtẹ̀gùn, òrùlé, àti ẹrù inú ilé. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn kò sí nínú rẹ̀, ọ̀nà mìíràn la ó gbà wá wọn níwájú. Tí ilé bá jẹ́ ti Àgùdà, ẹ fi ọnà kún un, ó di mẹ́sàn-án.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ gbà látìbẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí lésà kò rí kò ṣeé sọ lórúkọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, inú ògiri onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fi òpó kọnkéré pamọ́ sí, tí pílásítà á sì bo gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Òpó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú point cloud, ògiri ni. Ẹ pè é ní ògiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó o wọlé, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ mọ́

Bí ẹ bá ṣí fáìlì nínú CloudCompare, tí ó sì béèrè nípa Global Shift (yíyọ nọ́ńbà ńlá kan náà kúrò nínú ipò gbogbo ojúàmì), ẹ gbà. Ní Èkó, lórí UTM zone 31N (ètò nọ́ńbà ipò orí máàpù), northing, ìyẹn nọ́ńbà ìhà àríwá, máa ń wà ní nǹkan bí 713,000 mítà. CloudCompare ń tọ́jú nọ́ńbà ipò sínú 32-bit, ní irú nọ́ńbà tó tóbi tó yẹn, ìṣísẹ̀ tó kéré jù lọ tó lè tọ́jú jẹ́ 6.25 cm. Ẹni tó bá kọ Global Shift á rí i tí ògiri rẹ̀ di ìlà-ìlà, tí òpó rẹ̀ sì wọ́. Kò sí ohun tó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà ju pé kó tún fáìlì ṣí.

Bí fáìlì E57 yín (irú fáìlì tí a ń kó scan sí) bá ṣì ní ipò tí ẹ gbé ẹ̀rọ sí fún scan kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò normal (ọfà tó ń fi ibi tí ojú nǹkan kọjú sí hàn) nísinsìnyí, kí ẹ tó da àwọn scan pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dojú kọ ẹ̀rọ. Ẹ má fo ibí yìí. Normal tó dojú kọ ibi tó tọ́ ló máa sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín abẹ́ bíìmù, tó kọjú sílẹ̀, àti orí tábìlì, tó kọjú sókè. Méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, méjèèjì dọ́gba, ibi tí wọ́n kọjú sí nìkan ló yà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ojúàmì kù: Edit, Subsample, ẹ yan Space, ẹ fi 0.01 sí i. Ojúàmì kan á wà ní nǹkan bí gbogbo 1 cm, ìyẹn tó 10,000 lórí ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ìyẹn tó, ó tún ṣe ohun pàtàkì mìíràn: ibi tí ẹ̀rọ dúró sí kò ní ki ju ibi tó jìnnà sí i lọ mọ́.

SOR filter, tó ń yọ ojúàmì tó jìnnà sí àwọn yòókù dànù, ló kàn, lábẹ́ Tools, Clean. Iye tó ń gbé wá fúnra rẹ̀ ni ojúàmì 6 àti sigma 1.0. Ó le jù fún ilé tó ní bálíkónì onírin tẹ́ẹ́rẹ́, á gé irin náà dànù. Mo máa ń fi 10 àti 2.0 sí i. Ó máa kó púpọ̀ nínú àwọn ojúàmì iwin tó ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ilẹ̀kùn àti etí òpó, níbi tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ lésà ti lu etí, tí ìdajì yòókù sì lọ lu ohun tó wà lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ wá kọ ibi kan láàárín méjèèjì sílẹ̀.

Dígí ni ẹ ó fọwọ́ yín yọ. Dígí ìwojú tó wà nínú yàrá á ṣẹ̀dá odidi yàrá mìíràn sẹ́yìn ògiri, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sì sí filter tó lè mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó tò geere. Ẹ fi Segment, irinṣẹ́ ìgé inú CloudCompare, gé e kúrò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé ilé náà sí ìpele-ìpele

Ẹ lo Export coordinate(s) to SF láti sọ Z, ìyẹn gíga, di scalar field (nọ́ńbà tí ojúàmì kọ̀ọ̀kan ń gbé), kí ẹ sì wo histogram rẹ̀ (àwòrán tó ń fi iye ojúàmì tó wà ní gíga kọ̀ọ̀kan hàn). Ilẹ̀ àti àjà á yọ bí òkè gíga, torí ibẹ̀ ni ojúàmì pọ̀ sí jù lórí gíga kan náà. Nínú ilé alájà méjì ẹ ó rí mẹ́rin: ilẹ̀ ìsàlẹ̀, àjà rẹ̀, ilẹ̀ òkè, àjà tòkè. Àlàfo tó wà láàárín òkè kejì àti ìkẹta ni dẹ́kìn, pẹ̀lú pílásítà àti táìsì rẹ̀. Ẹ fi Filter by Value gé ilé sí méjì láàárín dẹ́kìn yẹn.

Ẹ wá fi scalar field méjì kún ìpele kọ̀ọ̀kan: gíga láti ilẹ̀, àti jíjìn sí àjà. Wọn ò nira, àmọ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí orúkọ rẹ̀ gùn lọ. Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó kọjú sílẹ̀, tó sì wà ní 30 cm sí 45 cm lábẹ́ dẹ́kìn, kí tún ni í jẹ́ bí kò ṣe bíìmù?

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò ìrísí àdúgbò ní radius mẹ́ta

Ẹ lọ sí Tools, Other, Compute geometric features. Mẹ́rin tó fún wa: Planarity (bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ tó), Linearity (bó ṣe tò sórí ìlà tó), Surface variation (bó ṣe hánrán tó) àti Verticality (bó ṣe dúró ṣánṣán tó). Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 1 dín bí normal ṣe kọjú sókè tó: ilẹ̀ máa ń gba nǹkan bí 0, ògiri tó dúró ṣánṣán máa ń gba 1. Òrùlé tó dagun ní 30° á gba 0.13. Ògiri ilé àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní 5° á gba 0.91. Torí náà, ẹ má ṣe fi iye tó kéré jù tí ẹ ó fi pe nǹkan ní ògiri sí 0.95 lórí ilé tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ fi í sí 0.85.

Radius mẹ́ta tí mo ń lò fún ilé búlọ́ọ̀kù ni 3 cm, 10 cm àti 30 cm. Ní 3 cm, nǹkan bí ojúàmì 28 ló wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tó ṣírò. Ní 30 cm, àdúgbò á ní ojúàmì tó lé ní 2,800, kọ̀ǹpútà yín á sì máa gbóná títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà tí ojúàmì rẹ̀ jìnnà síra ní 3 cm, ẹ ṣírò 30 cm lórí rẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á wá ní nǹkan bí 300. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Interpolate from another entity dá èsì padà sórí ojúàmì tó ki.

Ìdí tí radius fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ ni pé ohun kan náà ń yí ìrísí padà bí a ṣe ń sún sẹ́yìn. Páànù ni ẹ fi wò ó. Láti orí ìgbì kan sí èkejì lára páànù aláàlà àtijọ́ jẹ́ 76 mm. Bí radius bá jẹ́ 3 cm, ẹ̀gbẹ́ ìgbì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń rí: ojúàmì yìí ń sọ pé òun dagun sọ́tùn-ún, èyí tó wà níwájú díẹ̀ ń sọ pé òun dagun sósì, Verticality ń lọ sókè sódò. Ní 10 cm, ìgbì méjì sí mẹ́ta ló kó jọ, ó hánrán. Ní 30 cm, gbogbo ìgbì náà ti rọlẹ̀, pẹrẹsẹ kan ṣoṣo tó dagun ló kù. Ní ti ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa, pẹrẹsẹ ló jẹ́ ní 3 cm àti ní 10 cm, àfi ní 30 cm tí ojú rẹ̀ kejì bá wọlé tó sì bà á jẹ́. Àwọn méjèèjì yí padà, àmọ́ ọ̀nà òdìkejì ni wọ́n gbà yí. Bí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni àmì ìdánimọ̀ páànù, kò sì sí radius kan ṣoṣo tó lè fi hàn yín.

(Òrùlé kì í sábà hàn láti ilẹ̀. Bí drone bá ti ya òkè ilé náà, ẹ da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti lésà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé ojúàmì tó wá láti inú fọ́tò máa ń hánrán ju ti lésà lọ.)

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kó èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀

Ìdajì iṣẹ́ kò nílò ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan. Ohun tó wà láàárín 5 cm sí ilẹ̀, tí Verticality rẹ̀ kò tó 0.1, tó sì kọjú sókè, ilẹ̀ ni. Àjà náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kọjú sílẹ̀. Filter by Value ni ẹ ó fi gé wọn.

Fún ògiri, RANSAC Shape Detection, tó ń wá ojú pẹrẹsẹ láàárín ojúàmì, dára. Schnabel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2007, ó sì wà nínú CloudCompare gẹ́gẹ́ bí plugin, ìyẹn àfikún. Ẹ yan Plane nìkan. Ẹ fi 0.02 mítà sí ibi tó ń béèrè jíjìn sí ojú pẹrẹsẹ, torí pílásítà tiwa kì í sábà gún bíi ti ìwé. Min support points (iye ojúàmì tó kéré jù), ẹ fi 5,000 sí i, ìyẹn ìdajì ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ohun tó bá kéré sí èyí kì í sábà jẹ́ ògiri, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀gbẹ́ òpó.

Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ṣì máa ń kọjá. Ohun tó ń tú u fó ni pé kì í kan àjà. Èyíkéyìí tó dúró ṣánṣán tí orí rẹ̀ sì dópin ní ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ àjà, ẹ dá a padà sínú ẹrù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fọwọ́ sọ díẹ̀ lórúkọ

Èyí tó kù ló le: òpó, bíìmù, àtẹ̀gùn, ọnà, ẹrù. A ó kọ́ Random Forest, ọ̀nà tí Leo Breiman gbé jáde ní 2001, tó ń kó ìdáhùn ọ̀pọ̀ igi ìpinnu jọ, kó lè bá wa parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé PointNet, ọgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sọ ojúàmì lórúkọ, ti wà láti 2017, àwọn tó lágbára jù ú lọ sì ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń fẹ́ àpẹẹrẹ púpọ̀ àti GPU (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń yára ṣírò), èyí tí wọ́n sì ti fi ọ́fíìsì ilẹ̀ òkèèrè kọ́ kò rí bálíkónì Àgùdà rí. Random Forest kò fẹ́ ju àpẹẹrẹ inú ilé yín lọ, ó sì máa sọ ohun tó fi ṣe ìpinnu rẹ̀ fún yín.

Ẹ fi Segment gé àpẹẹrẹ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ fi scalar field kan tí ẹ pè ní "owo" kún un, nọ́ńbà kan fún ọ̀wọ́ kan, kí ẹ sì dà wọ́n pọ̀ padà. Ẹ mú un láti oríṣiríṣi yàrá. Òpó kan ṣoṣo tí ẹ gé dáadáa kò wúlò tó òpó mẹ́rin tí ẹ gé láti ibi mẹ́rin, kódà bí ojúàmì wọn bá dọ́gba.

Ẹ sì yọ apá ilé kan sọ́tọ̀ pátápátá fún ìdánwò, bóyá odidi ìpele òkè, bóyá apá ọ̀tún ilé. Ẹ má ṣe da ojúàmì gbogbo pọ̀ kí ẹ wá ṣa ìdá márùn-ún jáde láìwo ibi tó ti wá. Ojúàmì tí ẹ ṣà fún ìdánwò á wà ní 1 cm sí èyí tí ẹ fi kọ́ ẹ̀rọ, àdúgbò kan náà ni wọ́n, kò sì sí bí kò ṣe ní gbà á. Èsì tó dáa tó báyìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Àwọn tó ń lo S3DIS mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi Area 5, odidi apá kan nínú rẹ̀, pa mọ́ fún ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà

Ẹ tọ́jú àpẹẹrẹ gẹ́gẹ́ bí ASCII (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán) pẹ̀lú orúkọ òpó-ìlà rẹ̀ gbogbo, ẹ fi pandas ṣí i, ẹ sì gbé e fún RandomForestClassifier inú scikit-learn; àfikún Python ni pandas àti scikit-learn. Igi 200, min_samples_leaf 5, class_weight "balanced". Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó, torí ojúàmì ògiri á pọ̀ ju ti òpó lọ fíìfíì, ẹ̀rọ tí a kò bá wí fún á kàn máa pe gbogbo nǹkan ní ògiri.

Ohun tí ẹ ó fún un: ìrísí mẹ́rin ní radius mẹ́ta, ibi tí normal kọjú sí, gíga láti ilẹ̀, jíjìn sí àjà. Ẹ má fún un ní X àti Y. Bí ẹ bá fún un, á há ibi tí òpó wà sórí, kò ní kọ́ bí òpó ṣe rí, tó bá sì dé ìpele òkè, ìdàrúdàpọ̀ ni. Àwọ̀ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: yàrá tí wọ́n kùn ní búlúù kò ní jẹ́ kí ògiri rẹ̀ di nǹkan mìíràn.

Dípò kí ẹ kàn gba orúkọ tó mú wá, ẹ béèrè ìdánilójú rẹ̀ pẹ̀lú predict_proba. Gbogbo ojúàmì tí ìdánilójú rẹ̀ kò bá tó 0.6, ẹ kó wọn sínú ọ̀wọ́ tiwọn, kí ẹ sì fi àwọ̀ pupa hàn wọ́n lójú CloudCompare. Ẹ ó rí i pé ibi kan náà ni wọ́n ń dì sí: orígun ògiri, ibi tí bíìmù ti pàdé òpó, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ojú èèyàn ló tọ́ sí ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ kóòdù rárá lè lo 3DMASC, plugin inú CloudCompare tó ń ṣírò ìrísí ní oríṣiríṣi radius, tó sì ń lo Random Forest láti inú ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀

Ẹ ro èyí wò ná. Ẹ ní ojúàmì 1,000,000, 10,000 péré nínú rẹ̀ ló jẹ́ bíìmù. Ẹ̀rọ pe gbogbo bíìmù ní àjà, ó sì gba gbogbo ìyókù. Ìpín tó gbà jẹ́ 99 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò rí bíìmù kan ṣoṣo. Injiníà tó bá gba ilé yẹn lọ́wọ́ yín á rò pé kò sí ohun tó gbé dẹ́kìn ró.

IoU ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò: iye tí ẹ̀rọ gbà, tí ẹ fi iye tó gbà pọ̀ mọ́ iye tó fi sílẹ̀ àti iye tó fi èké mú pín. Ti bíìmù nínú àpẹẹrẹ yìí jẹ́ 0. Ẹ tún wo confusion matrix, tábìlì tó ń fi hàn orúkọ tí ẹ̀rọ pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ń pè ní òmíràn. Bí bíìmù bá ń di àjà, jíjìn sí àjà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí àjà náà má dọ́gba. Bí òpó bá ń di ògiri, radius ńlá yín kò tóbi tó fífẹ̀ òpó. Bí ọnà bá ń di ògiri, radius kékeré yín tóbi ju bí ọnà ṣe yọ jáde lọ. Ṣé ẹ rí i pé téèpù ọjọ́ àkọ́kọ́ la tún padà lọ bi?

Àtúnṣe tó kàn wá láti inú òye ilé kíkọ́. Ẹ lo Label Connected Components lórí ọ̀wọ́ òpó. Òpó gidi ní láti gbéra láti ilẹ̀ dé abẹ́ bíìmù tàbí àjà. Ìdì tí ẹ̀rọ pè ní òpó àmọ́ tí gíga rẹ̀ kò ju 40 cm lọ, tó ń léfòó láàárín afẹ́fẹ́, ẹ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bíìmù náà gbọ́dọ̀ kan nǹkan ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Irú òfin báyìí ń tún ohun púpọ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹ tún ẹ̀rọ kọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Fèrèsé àti ilẹ̀kùn

Ibi tí nǹkan kò sí la ti ń wá wọn. Ìmọ́lẹ̀ lésà ń gba inú dígí kọjá, ti lúfà sì burú jù, abẹ́ dígí kan á fara hàn, èkejì kò ní hàn. Nítorí náà, ẹ mú ojú ògiri kan tí RANSAC ti yà sọ́tọ̀, ẹ yí i títí á fi dọ́gba pẹ̀lú X tàbí Y, ẹ sì fi Rasterize tẹ́ ẹ sórí àwọn àpótí 5 cm. Àpótí tó ṣófo ni ihò. Ihò tó kan ilẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ihò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbéra tó nǹkan bí mítà kan, tí etí rẹ̀ sì gún, fèrèsé ni.

Òjìji ẹrù náà ń ṣẹ̀dá ihò. Kọ́bọ́ọ̀dù tó dúró níwájú ògiri á bo ẹ̀yìn rẹ̀, ihò náà á sì gún régé bíi ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo inú ọ̀wọ́ ẹrù: bí nǹkan bá wà láàárín ibi tí ẹ̀rọ dúró sí àti ihò náà, òjìji ni, ẹ dá ibẹ̀ padà fún ògiri.

Ilẹ̀kùn tó wà ní títì kò ní ihò, ara ògiri ló ń dà bí. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó rọrùn wà lọ́jọ́ scan: ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Á tún ran yín lọ́wọ́ láti so scan yàrá kan mọ́ ti èkejì.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè lò ó

LAS 1.4, irú fáìlì kan fún point cloud, ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú point format 6 sókè. Nínú àwọn format àtijọ́, nọ́ńbà ọ̀wọ́ kò lè kọjá 31, àmọ́ láti 6, 64 sí 255 ló wà fún ohun tó bá wù yín. ASPRS, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò LAS, ti fi 2 sílẹ̀ fún ilẹ̀ ìta, 6 fún odidi ilé, 7 fún ojúàmì iwin tó wà nísàlẹ̀, ẹ má gbà wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 64: ògiri 64, òpó 65, bíìmù 66, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ayàwòrán ilé bá fẹ́ gbé e lọ sí BIM (àwòṣe ilé inú kọ̀ǹpútà), ẹ kọ orúkọ IFC, èyí tí software BIM ń lò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: IfcWall, IfcColumn, IfcBeam, IfcSlab, IfcStair, IfcRoof.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sínú fódà náà tó sọ nọ́ńbà ọ̀wọ́, radius mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye Global Shift, IoU ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àti apá ilé tí ẹ fi ṣe ìdánwò. Kí fáìlì E57 àkọ́kọ́ wà lọ́tọ̀, láìfọ̀, láìdín ojúàmì rẹ̀ kù, lórí dírááfù méjì tí kò sí nínú ilé kan náà.